Tu Ọtí Náà Dànù, Àjàyí

Àjàyí ọmọ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ ní ìjókòó, kó má bá ọ ní ìdùbúlẹ̀. Bó bá jẹ́ orí ìdùbúlẹ̀ ló bá ọ, dìde kí o tó kà á, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gùn, n kò sì fẹ́ kí oorun gbé ọ lọ láàárín rẹ̀.

Ara wa le nílé. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, òrùlé tí o ràn wá lọ́wọ́ láti tún ṣe kò jò mọ́. Mo tètè sọ ìyẹn kí o má baà rò pé àìsàn tàbí òfò ló mú mi kọ̀wé. Ìwọ gan-an ló mú mi kọ̀wé. Láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ kẹta ti dé, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi mọ́. Bí mo bá wà lóko, mo máa ń dúró pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, n kò ní rántí ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe. Ìyá rẹ ní kí n má kọ ìyẹn sí ọ, pé yóò bà ọ́ lọ́kàn jẹ́. Mo ti kọ ọ́ ná.

Nígbà tí o kọ́kọ́ kọ̀wé pé òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá rẹ tuntun ti mú ọ kúrò nídìí aṣọ, ó sì ti fi ọ́ sídìí ọtí nílé ìṣòwò yín ní Lomé, ọkàn mi kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ka lẹ́tà náà lọ, ẹ̀rín ló ń pa mí. O ní àwọn òyìnbó àti àwọn oníṣòwò ńlá máa ń wọlé wá béèrè wisikí, ọ̀gá rẹ sì fẹ́ kí kòmí òun, akọ̀wé ìtajà rẹ̀, lè sọ irú èyí tí ìgò kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún wọn. Ìwọ tí o kò fẹnu kan wisikí rí, o wá ń kọ́ ọ bí ọmọdé ṣe ń kọ́ a-b-d. O ní ọ̀kan wà tí wọ́n fi èéfín ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n sá gbẹ yan ọkà rẹ̀, tó wá ń rùn bí ẹja tí àwọn ará etí odò Mónò ń yan. O ní ọ̀kan wá láti ilẹ̀ Áílándì, tó ń rọra lọ lọ́fun bí omi oyin. O ní àwọn kan wà tó jẹ́ àpòpọ̀ oríṣiríṣi, pé àwọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ńkọ́? Àgbàdo ni wọ́n fi ṣe é, inú àgbá tí wọ́n fi iná jó ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, o ní ó ń ta sánsán bí ìrèké tí iná jó díẹ̀.

Nígbà tí mo ka ìyẹn sí ìyá rẹ létí, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Àgbàdo kẹ̀? Lìhà, omi àgbàdo tí àwọn obìnrin ẹ̀yà Ewé ń kiri lọ́jà wa níbí náà kọ́? Lìhà ló lọ sókè òkun, tó padà wá pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.”

A rẹ́rìn-ín títí. Inú wa sì tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí o sọ pé bí o bá mọ gbogbo rẹ̀ dájú kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, ọ̀gá rẹ yóò fi ọ́ ṣe olórí bútíìkì, ilé ìtajà tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣí nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ní Agbonou, lẹ́bàá wa níbí. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ ti gbá yàrá rẹ. Ó ti kó àwọn iṣu kúrò níbẹ̀, ó sì ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ láràárọ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé.

Lẹ́tà kejì dé, kò gùn. O ní oorun gbé ọ lọ lórí tábìlì ìtajà lọ́sàn-án gangan, ọ̀gá rẹ sì rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀fun rẹ kò ní ilẹ̀kùn. O kọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n yìn. Lẹ́tà kẹta ló wá gba oorun lójú mi. Àjàyí, ìwọ tí Fadá máa ń gbé ìwé rẹ sókè kí kíláàsì lè rí bí ìlà ṣe ń tọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ń yọ̀ bọ́ sísàlẹ̀ ìwé. Mo gbé e sójú oòrùn, mo ní bóyá ojú mi ló ti di ti arúgbó. Ojú mi kọ́. Ohun tó sì dẹ́rù bà mí ju ọwọ́ ìkọ̀wé lọ ni pé o kò sọ fún wa mọ́ bí ọ̀kan ṣe ń rùn àti bí èkejì ṣe ń ta. Ohun tí o kọ ni pé, “Gbogbo rẹ̀ dára.” Ọmọ mi, ẹni tí gbogbo ọtí bá ti dára lẹ́nu rẹ̀, kò tọ́ ọ wò mọ́. Ó ń mu ún ni.

Nísàlẹ̀ lẹ́tà kan náà ni o kọ gbólóhùn tí mo ti há sórí báyìí. O ní, “Òyìnbó máa ń tu tirẹ̀ sínú garawa, ó sì ní kí èmi náà máa tu tèmi, ṣùgbọ́n n kò lè tu ohun tí ẹni tó jù mí lọ fi lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀, Bàbá.”

Òótọ́ ni. N kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀ṣọ́ tí èmi fi sí ọ lára ló sì fẹ́ pa ọ́ yìí.

Mo mọ̀ pé o rántí ọjọ́ ìsìnkú bàbá mi. O ṣì kéré, o kò tíì ju orókùn mi lọ púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Àkàndé, bu sódàbì, ògógóró ilẹ̀ wa, díẹ̀ sínú ife, ó kọ́kọ́ mu, ó wá fi èyí tó kù kàn ọ́ lẹ́nu kí ìwọ náà lè bá wa dágbére fún bàbá àgbà rẹ. O fajú ro, o sì tu ú sílẹ̀ níwájú gbogbo èrò. Mo gbá ọ létí. Mo ní kí wọ́n tún bu òmíràn, mo sì dúró tì ọ́ títí o fi gbé e mì pẹ̀lú omijé.

O mọ ìdí rẹ̀. Nílé wa, ẹni tó gbé ọtí kalẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú àlejò, kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bó bá ti mu tirẹ̀ tán, tí o wá tu tìrẹ dànù, o ti sọ fún un lójú gbogbo ènìyàn pé apànìyàn ni. Ti àgbà tó fẹ́ ọtí síta nígbà tó ń súre, ìyẹn yàtọ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn gba ọtí lọ́wọ́ ẹni kí ó sì tu ú! Mo mọ ẹbí méjì tí ọ̀nà oko wọn pọ̀, tí wọn kì í kí ara wọn títí di òní, nítorí ẹmu tí ẹnìkan tu sílẹ̀ níbi ìkómọ.

Ọ̀gá rẹ kò mọ gbogbo èyí. Bó ti ń tu wisikí sí garawa, kò bú ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ìwọ ń wò ó, o rò pé ọ̀wọ̀ lo ń bù fún un bí o ti ń gbé tìrẹ mì látàárọ̀ títí dalẹ́. Òun náà ń wò ọ́, ó rò pé o fẹ́ràn ọtí náà ni. Ọwọ́ tí mo fi gbá ọ létí lọ́jọ́ náà ló ṣì ń ti ọtí sí ọ lọ́fun ní Lomé.

Jẹ́ kí n wá sọ ti ara mi, kí o má baà rò pé ẹni mímọ́ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn Jámánì ń kọ́ ilé wáyà tí wọ́n fi ń bá ìlú wọn sọ̀rọ̀ ní Kàmínà, àwọn irin gíga tí o mọ àfọ́kù wọn yẹn, àwọn lébìrà pọ̀ níbẹ̀, òùngbẹ sì ń gbẹ wọ́n. Mo jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, mo ń ra ẹmu lọ́wọ́ àwọn adẹ́mu kiri oko, mo ń rù ú lọ tà fún wọn. Oko kọ̀ọ̀kan tí mo bá dé, adẹ́mu á tọ́ ọ wò, á sì bu fún mi kí n mọ̀ bóyá ó kan tàbí ó dùn. Èmi ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, mo ń gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ìgbà tí mo bá fi máa dé oko tó kẹ́yìn, n kì í mọ èyí tó kan àti èyí tó dùn mọ́, mo kàn ń sọ pé, “Ó dára, Bàbá, ó dára.” Ṣé o gbọ́ ọ̀rọ̀ náà? Ọ̀rọ̀ rẹ ni.

Lọ́jọ́ kan, mo sọ akèrègbè kalẹ̀ lábẹ́ igi kan lọ́nà Kàmínà kí n lè sinmi díẹ̀. Ẹni tó jí mi ni bàbá ìyá rẹ, tó ń ti oko bọ̀. Mo dojú bolẹ̀, èèrà bò mí létí, àwọn ewúrẹ́ ti da ẹmu nù. Ọkùnrin yẹn kò bú mi. Ó kàn wò mí, ó ní, “Ṣé ìwọ lo ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?” Ó kọjá lọ. Kò gbà mí láàyè láti wọlé rẹ̀ títí ọdún kan fi yí po. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ pàṣẹ jù nínú ilé, ìyá rẹ á kàn béèrè lọ́wọ́ mi bóyá èèrà ti jáde tán létí mi.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wẹ̀yìn, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kó fún ọ yìí.

Èkíní, n kò ní kí o fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ìbẹ̀rù mi sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Ìmọ̀ ni ìmọ̀ ń jẹ́, ẹni tó sì lè fi imú mọ ibi tí ọtí ti wá ti mọ nǹkan kan. Kọ́ ọ, kí o sì mọ̀ ọ́n.

Èkejì, má fi inú òfìfo pàdé ọtí. Jẹ iṣu. Mo mọ̀ pé búrẹ́dì Lomé ń wù ọ́, ṣùgbọ́n búrẹ́dì kì í dúró nínú. Ìyá rẹ ní kí n fa ìlà sábẹ́ èyí. Mo ti fa á.

Ẹ̀kẹta, imú ni kí o fi ṣe iṣẹ́ náà jù. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé bí ọ̀gá rẹ bá ti kán omi díẹ̀ sí i, òórùn rẹ̀ á ṣí jáde, àti pé imú ti máa ń mọ̀ kí ẹnu tó mọ̀. Kí ló dé tí o wá ń ni ọ̀fun lára? Ọ̀fun kò mọ ohun kankan. Jẹ́ kí omi pọ̀ lẹ́bàá rẹ níbẹ̀, kí irú kan sì parí kí irú mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ní, “Kòmí, tọ́ èyí náà wò,” sọ pé ó dọ̀la. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ṣọ́ra fún ẹni tó ń yìn ọ́ pé o lè mu ọtí. Ènìyàn a máa yin abẹ́rẹ́ pé ó mú, kò ní yìn ín pé ó ti dípẹtà. Ọ̀gá rẹ lè má ní ibi lọ́kàn, àwàdà lásán lè ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ bá fọ́ ìgò olówó iyebíye, ẹlòmíràn ni yóò mú sípò rẹ, àwàdà náà á sì tán.

Èyí tó kàn le díẹ̀ láti sọ. Nínú gbogbo wisikí wọ̀nyẹn, ọ̀kan wà tí o fẹ́ràn. Má ṣe bá mi jiyàn. Ẹni tó bá ń tọ́ nǹkan wò kò lè ṣàì ní àyànfẹ́. Èyí tó korò lẹ́nu rẹ kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan. Èyí tí o bá ti ń ronú kàn kí ilẹ̀ tó mọ́, òun ni kí o má mú wọ yàrá rẹ. Jẹ́ kó máa gbé ní bútíìkì, kí ìwọ máa gbé nílé.

N kò mọ èyí tó kù tí mo fẹ́ kà mọ́, ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ra wọn lórí mi. Ó kù kí n sọ nípa garawa náà. Mo ti fẹ́ kàn kọ ọ́ pé, “Tu ú dànù,” kí n sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́. Ohun tí a fi ọwọ́ gbígbóná kọ́ ọmọ, a kò lè fi yíǹkì pa á rẹ́. O máa ka lẹ́tà, o máa ní, “Ìfẹ́ ló ń da Bàbá láàmú,” lọ́jọ́ kejì o máa gbé e mì.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn Mísà, mo gbé ìgò tí o fi ránṣẹ́ sí mi jáde, èyí tó ń rùn bí ẹja yíyan. Mo pe Bàbá Àkàndé àti àwọn ọkùnrin ilé wa. Wọ́n tètè dé. Ta ni yóò gbọ́ wisikí tí kò ní wá? Mo gbé igbá kékeré kan sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, wọ́n rò pé omi ló wà fún. Mo bu díẹ̀ sínú ife, mo gbóòórùn rẹ̀, mo fi sẹ́nu, mo jẹ́ kó yí ahọ́n mi ká. Òótọ́ lo sọ, èéfín ni. Iyọ̀ díẹ̀ wà lẹ́yìn èéfín náà, adùn kékeré kan sì wà níkẹyìn tí o kò kọ sí mi. Ọ̀fun mi ti ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú, mo tu ú sínú igbá.

Bàbá Àkàndé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Kí lo ṣe yẹn?”

“Mo tu ú dànù ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ọtí tí ìwọ fúnra rẹ gbé síwájú mi? Kí lo fi sí i?”

“N kò fi nǹkan kan sí i. Àjàyí ló fi ránṣẹ́.”

“Àjàyí ló fẹ́ pa wá, àbí?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Àjàyí ló ń kú lọ níbi tó wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́ ọtí wò látàárọ̀, kò sì lè tu ú, nítorí ìgbátí tí mo gbá a lójú yín lọ́jọ́ ìsìnkú Bàbá wa. Mo fẹ́ kó gbọ́ pé èmi bàbá rẹ̀ tu ọtí, àti pé ojú yín kan náà ni mo ṣe é.”

Ó dìde dúró, ó ń wo igbá náà. Ó ní, “Bí gbogbo ènìyàn bá wá ń tu ọtí nínú ilé yìí, báwo la ó ṣe mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá?”

Àjàyí, ìbéèrè yẹn ṣì ń dà mí láàmú bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Ìgò náà dúró síwájú mi, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ojú tì mí, mo fẹ́ kí ilẹ̀ yanu.

Ìyá rẹ jáde láti ìdáná, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé obìnrin yìí kì í mu ọtí, bí kò ṣe ti àdúrà. Ó ní, “Bàbá Àjàyí, ẹ bu díẹ̀ fún mi.”

Mo bu fún un. Ó fi sẹ́nu, gbogbo ojú rẹ̀ kákò, ó sì tu ú sínú igbá náà. Ó ní, “Ẹja tó jóná ni, kì í ṣe ẹja yíyan. Ẹ kọ ọ́ sí i. Ẹ sì kọ ọ́ pé mo tu tèmi.”

Bàbá Àkàndé kò tíì kí mi láti ọjọ́ náà. Nígbà tí mo lọ kí i láàárọ̀, wọ́n ní ó ti lọ sóko, bẹ́ẹ̀ mo rí sálúbàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dùn mí gan-an, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo máa tún lọ, màá sì máa lọ títí yóò fi jáde sí mi. Ìyẹn kì í ṣe ẹrù tìrẹ. Èmi ló ni ìgbátí, èmi ló sì ni ẹ̀bẹ̀.

Mo fi lẹ́tà yìí rán Àlùfáà Sàlíù, oníṣòwò obì tó ń ná Lomé. Mùsùlùmí ni, nítorí náà má wulẹ̀ fi ìgò kankan san án lóore. Nígbà tó bá ń padà bọ̀, fi èsì lẹ́tà yìí rán an sí mi. Sọ fún mi bí ti Áílándì ṣe ń rùn báyìí, àti ti àgbàdo, àti àwọn àpòpọ̀. Bí o bá lè sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bíi ti àkọ́kọ́, oúnjẹ á tún lọ lẹ́nu mi. Ìwọ Àjàyí, bí orúkọ rẹ ti wí, o dojú bolẹ̀ jáde nínú ìyá rẹ, ìyá àgbà tó gbẹ̀bí rẹ ló yí ọ padà kí o tó rí ìmọ́lẹ̀. Èmi ti dojú bolẹ̀ lọ́nà Kàmínà tèmi. Mo bẹ ọ́, má jẹ́ kí wọ́n tún yí ọ padà nílẹ̀ bútíìkì Lomé.

Igbá tó bá lẹ́tà yìí wá, tí a fi aṣọ ìyá rẹ dì yẹn, òun náà la tu ọtí sí. A ti fọ̀ ọ́. Gbé e sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ nídìí iṣẹ́. Bí ọ̀gá rẹ bá béèrè ohun tó jẹ́, sọ fún un pé bàbá rẹ ló fi ránṣẹ́, pé nílé wa, ẹni tó gbé nǹkan kalẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ṣe é.

Mo ti tu tèmi. Ìyá rẹ ti tu tirẹ̀. Ó ku ìwọ, ọmọ mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ